Aṣọ́gbó Tó Gbé ní Pálọ̀ Wa

Ní àwọn ọdún tí owó epo ń ya wọ Warri, ẹ̀kọ ni ìyá mi ń pọ́n tà ní Okere. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni òun àti bàbá mi. Iṣẹ́ akọ̀wé tí bàbá mi ń ṣe ní èbúté ló gbé wọn dé ìlú náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìn ni mo fi ń dá wọn lóhùn, nítorí òun ni gbogbo ọmọ àdúgbò wa ń sọ. Ìyá mi á wò mí, á mi orí, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Owó pọ̀ nígboro nígbà yẹn. Ilé tuntun ń yọ lójú ọ̀nà Effurun. Wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo sí ẹ̀gbẹ́ Ubeji, àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ń gbé irin ńláńlá kọjá níwájú ilé wa tí ògiri á fi máa gbọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ibi gbogbo ń wá oúnjẹ òwúrọ̀, ẹ̀kọ ìyá mi kì í sì í pẹ́ tán. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ ọ́ lóminú ni ewé. Ewé eéran, ewé fífẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, kò fẹ́ oòrùn. Abẹ́ igi ńlá ló ti ń ṣe dáadáa, níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ọwọ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó ń wá láti abúlé kan lẹ́yìn Effurun ni ìyá mi ti ń rà á. Màmá Eléwé là ń pè é. Urhobo ni. Píjìn ni òun àti ìyá mi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú sì ń fi ohùn ilé rẹ̀ sí i, títí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n ti dá èdè kan sílẹ̀ fún ara wọn.

Igbó ìjọba ni igbó tí ewé náà ti ń wá. Láti ayé àwọn òyìnbó ni wọ́n ti pààlà sí i, tí wọ́n sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi tàbí pa ẹran nínú rẹ̀. Àwọn ará abúlé ní tiwọn sọ pé àwọn bàbá ńlá àwọn ló ni ín, pé kí ìjọba tó dé ni àwọn ti ń tọ́jú rẹ̀. Odò kékeré kan wà láàárín igbó náà tí wọn kì í pẹja níbẹ̀. Etí rẹ̀ ni àwọn ọ̀bọ ti ń mu omi. Àwọn obìnrin abúlé a máa wọlé lọ já ewé, wọ́n a máa ṣa ìgbín àti èso ààpọn. Lójú òfin, olè ni wọ́n. Lójú ara wọn, ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n wà.

Aṣọ́gbó kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ aṣọ kákí, tó sì ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ààlà igbó. Ó ti ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn, wọ́n fi iṣẹ́ igbó sílẹ̀, wọ́n lọ ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó. Bí ó bá mú obìnrin nínú igbó, á gba àdá rẹ̀, á sì da ewé rẹ̀ nù. Màmá Eléwé kì í pè é lórúkọ. "Your brother" ló máa ń pè é fún ìyá mi, nítorí pé Yorùbá ni àwọn méjèèjì. Á ní, "Your brother don seize my cutlass again." Ìyá mi á sì bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ló ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọ ọkùnrin náà rí.

Nígbà tó yá, ewé tí Màmá Eléwé ń gbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Òmíràn á ti ya, òmíràn á sì ní gbòǹgbò nídìí. Ìyá mi béèrè ohun tó dé. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń se oúnjẹ ní àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ewé lọ́pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kánjú sì ń fà á tu dípò kí wọ́n gé e. Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn agégi. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ nígboro ló ń fẹ́ pákó, àwọn kan sì ti ń gbé ayùn ẹlẹ́rọ wọ igbó láti òdìkejì. Níbi tí igi bá ti wó, oòrùn á rí àyè wọlé, ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n, á gbẹ. Aṣọ́gbó kò rí àwọn agégi mú nítorí pé ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Àwọn obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó.

Bàbá mi gba ìyá mi nímọ̀ràn pé kó kúkú máa fi ọ̀rá pọ́n ẹ̀kọ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìyá mi ní ẹ̀kọ tí kò bá ní òórùn ewé lára, òun kò mọ orúkọ tí òun máa pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, Màmá Eléwé wọlé tọ̀ wá láìru ẹrù kankan. Ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ló wà lára aṣọ rẹ̀. Ìyá mi ju ìpọnkọ, igbá tó fi ń bu ẹ̀kọ, sílẹ̀, ó sáré bá a, ó rò pé ó ti fara pa. Obìnrin náà ní ẹ̀jẹ̀ òun kọ́. "Na your brother," ó wí, ó sì jókòó sórí àpótí ìyá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, òun àti àwọn obìnrin bíi mélòó kan wọ igbó lọ já ewé. Òjò ti rọ̀, atẹ́gùn sì ti jà. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń kérora. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé aṣọ́gbó fẹ́ dẹ pàkúté fún wọn ni, wọ́n sì fara pamọ́. Nígbà tí ohùn náà kò dákẹ́, wọ́n sún mọ́ ọn. Aṣọ́gbó náà ni lóòótọ́, abẹ́ ẹ̀ka igi ló wà. Àwọn agégi ti gé igi kan dé ìdajì, wọ́n fi í sílẹ̀ láti padà wá gé e tán. Atẹ́gùn ló dà á wó bí ọkùnrin náà ti ń kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, ọgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní kí wọ́n sá lọ sílé, kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ọkùnrin pé àwọn gbọ́ ariwo láti etí igbó. Bí wọ́n bá gbé e jáde fúnra wọn, gbogbo ayé á mọ̀ pé inú igbó ìjọba ni wọ́n wà. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀. Màmá Eléwé ní òun wo ojú ọkùnrin náà, òun sì rí i pé àwọn gan-an ni ẹ̀rù wọn ń bà á. Mo rántí bó ṣe tún ọ̀rọ̀ tó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún wa:

"Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé e. Bó bá fẹ́ tì wá mọ́lé lẹ́yìn náà, kó kọ́kọ́ yè kó tó tì wá."

Wọ́n yí ẹ̀ka igi kúrò lára rẹ̀. Wọ́n so ìró wọn mọ́ ọ̀pá, wọ́n tẹ́ ẹ sí i, wọ́n sì gbé e dé títì. Ọkọ̀ tó ń kó yanrìn ló bá wọn gbé e dé ilé ìwòsàn ní Warri. Màmá Eléwé kò padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì béèrè ẹbí ọkùnrin náà, kò sì sí ẹni tó lè dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ẹni tó bá ti ń sọ èdè ẹni, ẹbí ni.

Ìyá mi kò tíì pọ́n ẹ̀kọ ọjọ́ náà tán. Ó dé ìkòkò, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ọkùnrin tí a bá lórí bẹ́ẹ̀dì kò jọ ẹni tó lè gba àdá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé orí rẹ̀, wọ́n sì ti fi nǹkan funfun líle de ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi kí i ní Yorùbá. Ó la ojú, ó ní, "Yèsí?" Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè pé ta ni nìyẹn.

"Ìyàwó akọ̀wé kan ní Okere ni mí, sà," ìyá mi dáhùn. "Wọ́n ní èèyàn mi ni yín."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó gbé yín wá."

Ó yí ojú sí ògiri, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Ilé ìwòsàn kún nígbà yẹn, àwọn dókítà kò sì lè dá a dúró pẹ́. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé ní Ìjẹ̀bú, ilé kékeré tí ìjọba fún un létí igbó kì í sì í ṣe ibi tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lè dá gbé. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé e wá sílé wa. Bàbá mi kùn díẹ̀, ó ní pálọ̀ wa kò tóbi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá bẹ́ẹ̀dì wá, òun ló sì sún àwọn àga sẹ́yìn.

Báyìí ni aṣọ́gbó ṣe di ará ilé wa títí òjò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Ọmọ ìjọ ni; ó máa ń ka Bíbélì sókè ní òwúrọ̀ nígbà tí ìyá mi bá ń kírun nínú yàrá. Kò pẹ́ tí mo fi kíyè sí i pé olúkúlùkù wọn ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí èkejì. Èmi ni mò ń gbé omi àti oúnjẹ fún un. Bí mo bá sọ Píjìn sí i, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ Píjìn já geere lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Á wò mí títí n ó fi wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo nílò. Bí mi ò bá rí i, á sọ ọ́ fún mi, á sì ní kí n wí i tẹ̀ lé òun. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ láti la ẹnu mi sọ èdè bàbá mi, àwọn òbí mi sì máa ń rẹ́rìn-ín pé ọmọ Ọ̀yọ́ ń sọ Ìjẹ̀bú. Bí mo ti ń kọ èyí ní Yorùbá, mo mọ̀ pé ara ohun tó kọ́ mi ni.

Màmá Eléwé ń wá wò ó ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Kò fẹ́ wọlé. Ọkùnrin náà kò sì lè wo ojú rẹ̀. Obìnrin náà gbé ọbẹ̀ ẹyìn àti sítáàṣì wá, oúnjẹ wọn tó máa ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Aṣọ́gbó kò jẹ sítáàṣì rí ní gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, gbogbo àdá yín wà nínú ilé mi létí igbó. Mi ò ta ọ̀kan."

"A mọ̀," Màmá Eléwé dá a lóhùn ní Píjìn. "A ti yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn, inú pálọ̀ ni Màmá Eléwé ń jókòó sí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ igbó náà, ìyá mi á sì máa sẹ́ ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á máa dá sí i. Màmá Eléwé fẹ́ kí àwọn obìnrin lè wọlé láìsá pamọ́. Ó ṣèlérí pé ọ̀bẹ ni wọn yóò máa fi gé ewé, wọn kò ní fà á tu, wọn yóò sì máa wá sọ bí wọ́n bá gbọ́ ìró ayùn. Aṣọ́gbó gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ewé tó kù kò tó já mọ́. Ó ní kí gbogbo ènìyàn fi ewé sílẹ̀ títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi rọ̀, kí ó lè padà hù. Màmá Eléwé dìde. Ó ní ṣé òun tó gbé e jáde nínú igbó ni ó fẹ́ fi ebi pa. Ó lọ, kò sì wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Inú ilé wa tutù. Aṣọ́gbó kò jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wọ aṣọ tó fi ń lọ kírun ọdún ní Yidi, ó ní kí n sin òun lọ sí abúlé náà. Àwọn obìnrin eléwé pé jọ sábẹ́ àtíbàbà kan, Màmá Eléwé sì jókòó láàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín sí wa. Ìyá mi kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní òun mọ̀ pé ẹni tí kò ní pàdánù kò yẹ kó máa dámọ̀ràn fún ẹni tí yóò pàdánù. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbà láti fi ewé sílẹ̀, òun náà kò ní pọ́n ẹ̀kọ títí wọn yóò fi padà sí i. Òun kò ní ra ewé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun yóò sì bẹ àwọn ẹlẹ́kọ yòókù kí wọ́n má rà á. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Urhobo títí ó fi sú mi. Níkẹyìn Màmá Eléwé dìde, ó wá dúró níwájú ìyá mi. Ó ní, "Kí lẹ ó wá máa tà?"

"Ògì gbígbóná," ìyá mi dáhùn. "Abọ́ ni wọ́n fi ń mu ún."

Wọ́n gbà. Wọ́n á máa ṣa ìgbín àti ààpọn létí igbó, wọn kò ní dé ibi odò. Àwọn àgbà abúlé ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa ewé tu máa bá aṣọ́gbó rìn yí ààlà ká. Nígbà tí aṣọ́gbó lè fi ọ̀pá rìn, òun àti àgbà abúlé kan wọ ọkọ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní Benin. Ọ̀gá náà kọ́kọ́ bínú. Ó bi í pé ìgbà wo ni ìjọba ní kó lọ máa bá olè ṣe ìpàdé. Aṣọ́gbó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, ó sì sọ àwọn tó gbé e jáde fún un. Ó jọ pé ọ̀gá náà ronú sí i, kò sì ní ẹlòmíràn tó lè rán lọ sínú igbó lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń sá lọ sí iléeṣẹ́ epo. Ó ní kí wọ́n dán an wò.

Kò rọrùn. Nínú àwọn ẹlẹ́kọ Yorùbá tó wà ní Warri, àwọn kan fara mọ́ ọn, àwọn kan ní ìyá mi ti ya wèrè, wọ́n sì bọ́ sídìí ọ̀rá. Ní ìdájí, èmi àti ìyá mi á gbé ìkòkò ògì lọ sí ẹnu ọ̀nà èbúté. Akámù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èmi ni mò ń fọ abọ́, ọwọ́ mi sì máa ń hunjọ. Àwọn oníbàárà kan fi wá sílẹ̀. Bàbá mi, tó fẹ́ràn ẹ̀kọ tútù ju ohunkóhun lọ, ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Mo ń dúpẹ́ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn títí di òní. Màmá Eléwé kò ní nǹkan tó fẹ́ tà fún wa mọ́, síbẹ̀ kì í pa ọjọ́ ọjà jẹ. Á gbé ẹyìn wá, tàbí ẹja tútù, á sì bá ìyá mi sẹ́ ògì.

Àwọn agégi padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń ṣa ààpọn ló gbọ́ ìró ayùn wọn, kí wọ́n sì tó wó igi kan tán, gbogbo abúlé ti yí wọn ká, tọmọdé tàgbà, aṣọ́gbó sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò lù wọ́n. Wọ́n gba ayùn lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. A kò gbọ́ pé wọ́n tún yọjú.

Nígbà tí òjò ọdún kejì ti rọ̀ dáadáa, wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Bàbá mi pàápàá gba ààyè níbi iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wọ inú igbó náà. Ọmọ ilẹ̀ ọ̀dàn ni ìyá mi, igbó dúdú máa ń bà á lẹ́rù. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí. Inú ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Àwọn ẹyẹ àtíòro ń fò kọjá lókè, ìyẹ́ wọn sì ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn ẹní. Níbi tí wọ́n ti gé igi tẹ́lẹ̀, àwọn igi kéékèèké ti ń na orí. Lábẹ́ àwọn igi ńlá, ewé eéran bo ilẹ̀, òmíràn fẹ̀ tó ọpọ́n. Aṣọ́gbó na ọ̀pá rẹ̀ sí òkè, a sì rí àwọn ọ̀bọ, ìyá àti ọmọ, tí wọ́n dákẹ́ tí wọ́n ń wò wá. Màmá Eléwé gé ewé àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi. Ìyá mi gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Alhamdulillahi." Bàbá mi ṣí fìlà.

Aṣọ́gbó tọrọ pé kí wọ́n má gbé òun kúrò níbẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá a, abúlé náà ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé bàbá mi lọ sí Èkó ní ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn òbí mi ti ṣaláìsí báyìí, Màmá Eléwé náà ti ṣaláìsí.

Mo padà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Mi ò ní parọ́, ilé ti jẹ púpọ̀ nínú igbó náà, títì sì ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀, níbi odò, wà síbẹ̀, àwọn obìnrin abúlé ló sì ń sọ ìgbà tí wọ́n máa wọlé àti ìgbà tí wọn kò ní wọlé. Ìyàwó ọmọ Màmá Eléwé gbà mí lálejò. A jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n, ó ń sọ fún mi nípa ẹni tó ti gbéyàwó àti ẹni tó ti bímọ. Mo sọ fún un pé dídùn tí ìgbà èwe mi dùn, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, pé mo wá dúpẹ́ ni. Ó ní òun gbọ́, òun á bá mi sọ fún àwọn yòókù. Òjò ti ṣú nígbà tí mo dìde. Ó sìn mí dé títì, ó sì dúró tì mí títí mo fi rí ọkọ̀ wọ̀.